Ẹ Kú Oríire! "Danger" Pé 50, "Super Afro Soul" Pé 60

Lọ́dún 2026 yìí, àwo orin Danger tí àwọn ìbejì Líjàdù gbé jáde lọ́dún 1976 pé ọmọ 50 ọdún. Kí a tó mí kanlẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti nawọ́ sókè: Super Afro Soul, tí Orlando Julius àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Modern Aces gbé jáde lọ́dún 1966, òun náà pé ọmọ 60 ọdún. Ọdún méjì pàdé nínú ọdún kan ṣoṣo! Bí àwa olólùfẹ́ orin ní Àpáta nílùú Ìbàdàn ò bá jó lọ́dún yìí, ìgbà wo la tún fẹ́ jó?

Rọ́ọ̀kì ni àwọn Òyìnbó ń pe orin onígìtá tó ń dún kíkankíkan bíi ti Danger. Ẹni tó bá wù ú lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí kí nǹkan máa mì jìgìjìgì. Ẹni tó bá wù ú sì lè túmọ̀ rẹ̀ sí àpáta. Ẹ gbọ́ ná, ta ni orin àpáta ì bá tún tọ́ sí bí kò ṣe àwa ará Àpáta? Ìlú tó ń ṣọdún Òkè Bàdàn ni ìlú wa. Òkè ló gbà wá, abẹ́ òkè la ti dàgbà, ẹ̀rù ohun tó le bí òkúta kì í bà wá. Láti Owódé títí dé ẹnu géètì Government College, láti ibi tí àwọn tánkà epo ń tò sí lẹ́bàá dípò NNPC títí wọ ọ̀nà Mọ́ọ̀ Plantation, a ní àwọn èèyàn tí ohùn gìtá iná máa ń jí lójú oorun. Àwa náà la ń kígbe lónìí pé ẹ kú oríire!

Ohun tó mú kí ayọ̀ yìí kún àkúnwọ́sílẹ̀ ni pé àwọn àwo wọ̀nyí kì í ṣe ẹrù àtijọ́ tí a jù sí àjà. Wọ́n ń jáde lákọ̀tun ni! Lọ́dún 2024, ilé iṣẹ́ Numero Group tó wà ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà tún Horizon Unlimited gbé jáde, ìyẹn àwo tí àwọn ìbejì Líjàdù kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1979. Àwo dúdú tuntun, páálí tuntun, ohùn tó mọ́ gaara. Ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tí orin náà kọ́kọ́ jáde ń rà á lónìí bí ẹni ra orin tó jáde lánàá, ó ń gbé e sétí, ó ń béèrè pé àwọn wo rèé. Ẹ dá a lóhùn fún mi! Ẹ sọ fún un pé àwọn ìyá wa ni!

Ẹ̀gbọ́n mi kan ló gbé Horizon Unlimited tuntun yìí bọ̀ láti òkè òkun. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé la pé jọ sí pálọ̀ mi, a tó bíi mẹ́wàá: awakọ̀ Míkírà kan tó ń ná Àpáta sí Dùgbẹ̀, tísà méjì, télọ̀ kan, nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé tí kò tíì bọ́ aṣọ funfun rẹ̀, àti àwọn ọmọ wa tó kọ́kọ́ jókòó sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sá lọ. Iná dúró fún wákàtí mẹ́ta gbáko! A gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Nígbà tí orin Orere Elejigbo bẹ̀rẹ̀, tí ìlù tiwa àti ọ́gáànù Òyìnbó ń dá ara wọn lóhùn bí àwọn òǹtajà méjì tí wọ́n jọ pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, awakọ̀ wa dìde dúró. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń mi orí. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti wọlé wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí orin náà tó parí, ọ̀kan nínú wọn sì béèrè bóyá a lè tún un fi. A tún un fi! Lẹ́ẹ̀mẹ́ta!

Ẹ̀yìn ìyẹn la wá gbé Danger fúnra rẹ̀ sí i, ọlọ́jọ́ ìbí wa. Orin mẹ́fà péré ló wà nínú rẹ̀, mo sì sọ ọ́ níwájú gbogbo ayé pé kò sí èyí tó ṣe é fò nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Orin tí àwo náà fi sọ orúkọ ló ṣíwájú. Béèsì ló kọ́kọ́ ń rìn, ìrìn ẹni tó mọ ibi tó ń lọ tí kò sì kánjú; gìtá dé, ó ń há bí ẹni tó fẹ́ràn àríyànjiyàn; ọ́gáànù tẹ́ ní sábẹ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà náà ni ohùn méjèèjì wọlé.

Ohùn méjèèjì! Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí èyí, nítorí ibẹ̀ gan-an lọlá wà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin ló ní ẹni tó ń dá àti àwọn tó ń gbè. Ti àwọn ìbejì wa ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń dá, àwọn méjèèjì ló ń gbè. Wọ́n á jọ di ohùn kan mú, á ṣọ̀kan débi pé ẹ ó rò pé ènìyàn kan ló ń kọrin tí òjìji rẹ̀ náà sì lẹ́nu. Kí ẹ tó mọ̀, ọ̀kan ti yà díẹ̀ sókè, èkejì dúró sílẹ̀ dè é, wọ́n tún pàdé. Kò sí ariwo níbẹ̀. Kò sí ìpáǹle. Wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tó le pẹ̀lú ohùn tó tutù, èyí sì ni ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ wọn. Gìtá lè máa bínú, ìlù lè máa sáré, àwọn obìnrin méjì yìí á dúró láàárín bí ìyá tó ń da ẹ̀kọ gbígbóná láti inú ife kan sí èkejì tí kò ta sílẹ̀ rárá. Nọ́ọ̀sì wa ní òun ti ń gbọ́ orin láti kékeré, òun ò tíì gbọ́ àwọn méjì tí wọ́n jọ ń mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ wo orin Cashing In. Ọdún 1976 ni, owó epo ń ṣàn, àwọn kan ń kó o sápò, mẹ̀kúnnù sì ń wòran. Àwọn ìbejì yìí sọ ọ́ jáde, wọ́n fi ijó sọ ọ́! Ẹ wo Life's Gone Down Low, tó ń sọ bí ayé ṣe le, síbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ò lè dúró tí ó bá ń dún. Ẹ wo Amebo, orin ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ ká àdúgbò. Àpáta mọ Amebo, Mọ́kọ́lá mọ Amebo, kò sí ibi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n! Ẹ wo Lord Have Mercy, àdúrà tó gun orí gìtá. Ẹ sì má gbàgbé Biddy Wright, ọkùnrin ọlọ́wọ́ ọ̀pọ̀ tó mọ ohun èlò orin púpọ̀ í lò, tó sì jẹ́ òpómúléró ìró tí a ń gbọ́ nínú àwo náà. Biddy Wright, a kí ọ! Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò parun!

Ohun mìíràn tó dùn mọ́ wa rèé. Ọjọ́ 3, oṣù Èrèlé, ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, tí Ìbàdàn sì di olú ìlú rẹ̀. Ẹ kà á bó ṣe yẹ: Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Danger, ẹgbẹ́ ni wọ́n! Ọdún kan náà la bí wọn, ọdún kan náà ni wọ́n pé 50. Aṣọ ẹgbẹ́ kan náà ni ká fi dá wọn lọ́lá.

Ibo ni àwọn ìbejì yìí ti bẹ̀rẹ̀? Ọjọ́ 22, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1948 ni wọ́n bí wọn sí ìlú Jos. Táyéwò ló kọ́kọ́ jáde wá tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé tí í ṣe ẹ̀gbọ́n tẹ̀lé e. Ìbátan Fẹlá ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 1969, orin wọn Iya Mi Jowo jáde, wọn ò tíì pé ọmọ ọdún 21 tàbí kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pé e. Lọ́dún 1972, àwọn ọmọbìnrin wa méjì yìí wà lórí pèpéle ní Munich ní Jámánì, lásìkò ìdíje Òlíńpíìkì, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Salt tí Ginger Baker dá sílẹ̀. Ginger Baker yìí kan náà ni ògbólógbòó onílù rọ́ọ̀kì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó lu ìlù fún ẹgbẹ́ Cream, tó sì gbà pé Èkó ni òun ti fẹ́ wá kọ́ púpọ̀ sí i. Òyìnbó wá sí ilé wa wá kẹ́kọ̀ọ́ ìlù, ó sì rí àwọn ọmọ wa mú lọ sójú ayé! Lọ́dún 1974, àwo wọn Urede jáde.

Nígbà tí ó wá di ọdún 1976, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Danger lọ́dún 1976! Mother Africa lọ́dún 1977! Sunshine lọ́dún 1978! Horizon Unlimited lọ́dún 1979! Àwo mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ ilé iṣẹ́ agbórinjáde Afrodisia, tí kò sì sí èyí tó jọ èkejì nínú wọn. Mother Africa sún mọ́ ilé, ìlù àti ọ̀rọ̀ Yorùbá ló pọ̀ níbẹ̀, bí ẹni tó jáde lálẹ́ tó jókòó sí ojúde baba rẹ̀. Ó jẹ́ ohun ìyanu fún mi títí dòní pé àwọn tó ṣe Danger tó ń ta iná lè yí padà láàárín ọdún kan kí wọ́n ṣe ìyẹn tó tutù bí omi àmù. Àwọn ọkùnrin ló kún inú iṣẹ́ orin nígbà náà, àwọn ni ọ̀gá ẹgbẹ́, àwọn ni onílù, àwọn ni ọ̀gá sítúdíò. Obìnrin méjì dúró láàárín wọn, wọ́n kọ orin tiwọn, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tiwọn, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Lọ́dún 1979 náà ni Jeremy Marre, ayàwòrán fíìmù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi wọ́n sínú Konkombé, fíìmù tó ṣe nípa orin Nàìjíríà. Ẹni tó bá wò ó á rí àwọn méjì tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń parí ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu.

Wọ́n lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n fi New York ṣe ilé. Lọ́dún 2014, wọ́n tún gun pèpéle níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ògbóǹtarìgì olórin tó kóra jọ láti bu ọlá fún olórin wa William Onyeabor, David Byrne sì wà lára àwọn tó wà níbẹ̀. Àwọn ìyá tó ti lé ní 65! Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà dìde dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́! Lóṣù Bélú ọdún 2019, Kẹ́hìndé lọ sinmi lẹ́ni ọdún 71. Ẹ̀gbọ́n lọ, iṣẹ́ kù, Táyéwò sì dúró ti iṣẹ́ náà. Màmá Táyéwò, ẹ kú ìdúró o! Ẹ kú ìtọ́jú ogún! Àwa ọmọ yín ní Àpáta kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a kí yín kú oríire ọdún 50. Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn kì í tán nílé. Ohùn Kẹ́hìndé wà nínú gbogbo pálọ̀ tí àwo yín bá ti ń dún.

Ẹ jẹ́ ká wá sún sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó pé 60, nítorí ti ìyẹn, ọmọ Ìbàdàn wa pọ́ńbélé ni!

Ìkọ̀lé Èkìtì ni wọ́n bí Orlando Julius Ekemode sí lọ́dún 1943, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà sì ni ilé baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Lọ́dún 1957 ló wọ ìlú yìí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá péré. Ó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì, ó sì ń lu ìlù, ó ń fun fèrè pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ olórin. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ tí ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń sáré lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọrin! Ó bá Eddy Okonta afunkàkàkí ṣiṣẹ́, ó gbé sàsófóònù, ó dá Modern Aces sílẹ̀. Ìbàdàn ìgbà náà ti ní ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán láti ọdún 1959, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó ní yunifásítì. Ó ní òtẹ́ẹ̀lì tí orin kì í dákẹ́ níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ búrẹ́dì yìí ti po orin haílááìfù pọ̀ mọ́ orin sóòlù àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1966, ó kó o sínú àwo kan, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní ohun tó jẹ́: Super Afro Soul.

1966! Ẹ ka oṣù, ẹ ka ọdún. Fẹlá ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orin tirẹ̀ ní Afrobeat. James Brown ò tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Nàìjíríà, ọdún 1970 ló wá. Ọmọ wa ti ń ṣe é ní Ìbàdàn! Nígbà tí mo bá fi Ijo Soul sí i, ohùn fèrè náà máa ń yọ sí mi bí oòrùn tó yọ lójijì lẹ́yìn òjò. Òun ni ilẹ̀ tí gbogbo àwọn tó ń ta gìtá iná lẹ́yìn rẹ̀ dúró lé. Jagua Nana náà wà nínú àwo yìí, orin tó ti gbajúmọ̀ láti ọdún 1965.

Ó yẹ ká jó lẹ́ẹ̀kan sí i lórí ìyẹn, nítorí Àpáta wà níbẹ̀. Ta ló kọ ìwé ìtàn tó ń jẹ́ Jagua Nana, tó jáde lọ́dún 1961? Cyprian Ekwensi ni. Níbo ni Ekwensi ti kàwé? Government College, Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1929, tó wà níbí ní Àpáta Gànga! Orúkọ tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa sọ akọni inú ìwé rẹ̀ ni Ìbàdàn fi jó. Àti pé ilé ẹ̀kọ́ yìí kan náà ló tọ́ Wọlé Ṣóyinká, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí òǹkọ̀wé, àmọ́ tí òun náà ti gbé àwo orin jáde: Unlimited Liability Company, lọ́dún 1983, pẹ̀lú Túnjí Oyèlànà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé inú ìwé nìkan ni àwọn ọmọ Àpáta ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe!

Inú Super Afro Soul yìí kan náà ni Joni Haastrup ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ọmọ ìdílé ọba láti Iléṣà, tó wá dá MonoMono sílẹ̀ lẹ́yìn náà, tó sì di ọ̀kan nínú àwọn baba rọ́ọ̀kì ilẹ̀ wa. Ẹ rí i bí igi ṣe ń so? Orlando Julius lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, ó bá Hugh Masekela ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó padà wálé, ó sì lé ní 70 ọdún nígbà tí òun àti àwọn ọ̀dọ́ olórin tó ń jẹ́ The Heliocentrics ní London gbé Jaiyede Afro jáde lọ́dún 2014. Lóṣù Igbe ọdún 2022 ló wọ káà ilẹ̀ sùn. Sùn ire o, Bàbá! Ìbàdàn tí ẹ wọ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́ ń fi ọwọ́ méjèèjì kí yín lónìí: ẹ kú oríire 60 ọdún!

Kò sí ọjọ́ ìbí tí a kì í ti kí àwọn aráalé. Láolú Akíntọ̀bí, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Laolu Akins, ẹ kú oríire! Òun náà wà nínú Salt pẹ̀lú àwọn ìbejì. Òun, Berkely Jones onígìtá àti Mike Odumosu alubéèsì ló dá BLO sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé Chapter One jáde lọ́dún 1973. Àwọn mẹ́ta péré, ṣùgbọ́n ìró wọn tó ti mẹ́tàlá! Láolú kò sì dúró síbẹ̀. Òun ló wà nídìí Ace, àwo tí Ṣínà Peters fi dá gbogbo Nàìjíríà jó lọ́dún 1989. Ẹni tó lu ìlù rọ́ọ̀kì ló ran jùjú lọ́wọ́ láti yára bí iná ọyẹ́. Ìyá mi tó sọ pé òun ò fẹ́ràn rọ́ọ̀kì rárá, tó sì jó Ace títí gèlè fi tú lórí rẹ̀, kò mọ̀ pé rọ́ọ̀kì lòun ń jó! Mo ti sọ fún un báyìí. Ó ní kò burú, kí n tún un fi.

Àwọn ọmọ náà ńkọ́? Wọ́n pọ̀, wọ́n sì ń ṣe dáadáa! Beautiful Nubia, Ṣẹ́gun Akínlolú wa, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú ẹran ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó gbé Seven Lifes jáde lọ́dún 1997, tó sì ń fi Yorùbá tó jinlẹ̀ kọ orin sórí gìtá títí dòní. Aṣa, tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2007, tó gba ẹ̀bùn Prix Constantin ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún tó tẹ̀lé e. Tí mo bá fi Aṣa sí i tẹ̀lé Danger, mi ò kì í rí odi kankan láàárín wọn. Obìnrin tó dúró pẹ̀lú gìtá, tó sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́: ọ̀nà tí àwọn ìbejì là ni.

Gbogbo èyí ló mú mi sọ ọ́ láìfi bò, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti ń gbọ́ orin láti ìgbà tí mi ò tíì mọ ìwé kà. Tí ẹ bá kó gbogbo àwo onígìtá tó jáde nílẹ̀ Yorùbá jọ, kí ẹ ní kí n mú ẹyọ kan dání lọ sí ìrìnàjò tí mi ò mọ ìgbà tí n ó dé, Danger ni n ó mú. Super Afro Soul ṣílẹ̀kùn, ó sì tọ́ kí a máa dọ̀bálẹ̀ fún un. Chapter One fún wa lágbára. Àmọ́ Danger ló ní ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà: ijó, ìbínú, àdúrà, ìfẹ́, ẹ̀rín, láàárín orin mẹ́fà péré. Ọdún 50 ti kọjá, kò tíì hu ewú kan!

Nítorí náà, ẹ̀yin ìbejì Líjàdù, ẹ kú oríire! Ìdílé Ekemode, ẹ kú oríire! Ẹ̀yin tí ẹ tọ́jú téèpù, ẹ̀yin tí ẹ fi àwo wé aṣọ pamọ́ nígbà tí òjò ń jò sí òrùlé, ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tí ẹ ò yé fi wọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oríire! Ẹ̀yin olórin kéékèèké tí ẹ ń gbá gìtá lẹ́yìnkùlé ní Àpáta títí jẹ́nẹ́rétọ̀ àwọn aládùúgbò fi ń bá yín dúpò, ẹ máa bá a lọ, ọjọ́ yín ń bọ̀!

Ní gbogbo oṣù tó kù nínú ọdún yìí, ọjọ́ Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù la ó máa pé jọ ní pálọ̀ mi láti gbọ́ àwọn àwo wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mother Africa wà nílẹ̀, Sunshine wà nílẹ̀, àwọn méjì tó ń ṣọdún sì wà lórí tábìlì. Urede ti ọdún 1974 nìkan la ò tíì rí. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá yín, ẹ wo àpótí ìyá yín. Ẹni tó bá rí i, kó jọ̀wọ́ gbé e bọ̀ ní Àpáta. Ẹ̀rọ ti wà, ìjókòó ti wà, mọ́ínmọ́ín náà á wà.